Títí dé Bídà

Ìgbà kẹta tí mo tún nọ́ńbà mi tẹ̀ ní káfẹ́ Òkè-Fìà,
ọmọkùnrin tó ni kọ̀ǹpútà ní, "Àǹtí, ẹ̀rọ ò purọ́.
Ifẹ̀ ò mú yín."
Ó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ mi
bí ẹni gba owó ìtúfọ̀.

Máàkì mi ò burú: òjìlúgba ó lé kan.
Tàwọn tó wọlé ló dára jù ú lọ.
Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi ẹnu dídùn ti ènìyàn síta.

Ìyá mi ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ nígbà tí mo délé.
Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wo ojú mi,
ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà,
maṣíìnì sì ń dá yí díẹ̀ kó tó dákẹ́.
"Lọ jẹun," ló wí.

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni Ìgbọ̀nà fi gbà mí nímọ̀ràn.
Wọ́n ní yunifásítì aládàáni kan wà nítòsí,
àwọn olùkọ́ wọn kì í daṣẹ́ sílẹ̀.
A kọ owó rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.
Ìyá mi fi owó ìránṣọ pín in:
gbogbo ọmọ ilé ìwé méje ló máa rán aṣọ fún,
láìjẹ, láìmu, láìra òwú.
Ó dojú kàlẹ́ńdà náà kọ ògiri.

Wọ́n ní kí n jókòó de ọdún tó ń bọ̀.
Sìfáwù ọ̀rẹ́ mi ti jókòó dè é lọ́dún mẹ́ta,
ó ti wá mọ ìbéèrè ju àwọn tó ń bi í lọ.

Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì kan ni Bọ̀dá Mùsílíù dé,
ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ rélùwéè.
"Ta ló sọ fún yín pé ilé ìwé tán ní ìpínlẹ̀ yìí?"
Ó na ọwọ́ sápá òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà:
Ìkìrun, Òkukù, Ìnísà, Ọ̀fà,
Ìlọrin, Jẹ́bà, Mókwá.
Koríko ti bo irin náà, ewúrẹ́ ń sùn lórí rẹ̀;
ṣùgbọ́n lẹ́nu Bọ̀dá, ọkọ̀ kì í pẹ́ dé.
"Lẹ́yìn Mókwá, ẹ yà. Bídà nìyẹn.
Poli ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ láàbù níbẹ̀.
Owó wọn, ènìyàn lè sọ ọ́ lórí ìdúró."

A tún kàlẹ́ńdà yí padà.
Owó ilé ìwé, owó yàrá, kẹrosíìnì,
owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ọdún iléyá àti ìtúnnu àwẹ̀.
Ìyá mi fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.
"Èyí, mo lè rán an."

Mi ò ní purọ́, mo sunkún.
Mi ò gbọ́ Núpé, mi ò gbọ́ Hausa,
ohùn Òṣogbo ló wà nínú òyìnbó mi gan-an.
Ará ilé wa kan ní, "Poli kẹ̀? Bídà kẹ̀?"
bí ẹni pé mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé inú òṣùpá.
Mo fẹ́ dá a lóhùn, mi ò rí èsì.
Ifẹ̀ tó wà nítòsí ni mi ò lè dé.

Gáréèjì Àtijọ́, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí.
Ìyá mi ki ọ̀rá kan bọ inú báàgì mi,
ó ní n má ṣí i títí n ó fi sọdá Ọya.
Lórí afárá Jẹ́bà, mo ṣí i.
Kóòtù láàbù ni, funfun báláú,
àpò inú rẹ̀ jẹ́ àgékù yunifọ́ọ̀mù ọmọ ẹlòmíràn,
onígun-mẹ́rin, aláwọ̀ búlúù.
Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.
Abẹ́rẹ́ kan ló wà níbẹ̀,
òwú ti wà lójú rẹ̀.